Òkè Tí A Kì Í Dá Ṣubú

Bí àga olókùn ṣe gbé Adájọ́ Abọ́sẹ̀dé Lànlẹ́hìn kọjá lókè ibi ìyọ̀, ó rí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti orí òkè lórí síkì, pátákó méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ó sì ti mọ̀ pé olúwarẹ̀ máa ṣubú. Pátákó ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ forí lé ọ̀nà kan, tòsì forí lé òmíràn, òun fúnra rẹ̀ wà láàárín, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fìdí kalẹ̀ gbì, tí yìnyín sì bò ó dé igbáàyà.

Òṣìṣẹ́ méjì tó wọ ẹ̀wù ìyeyè dúró nítòsí pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ọ̀kan ti ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan, kí èkejì tó fà á lápá padà. Làwọn méjèèjì bá gbójú sókè, wọ́n ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wá ẹyẹ tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ìṣubú kan," ni Ìwọ̀n, ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ ọrùn ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé, wí. "Kò sẹ́ni tó sáré sí i. Kì í ṣe jàǹbá."

Ọ̀gbẹ́ni Jókòótọlá, alábòójútó Òkè Ìdẹ̀ra, tó jókòó sí ìkángun àga náà lọ́hùn-ún, mí kanlẹ̀. Òtútù ọjọ́ náà lè gé imú èèyàn jẹ, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lójú ọkùnrin yìí.

"Mà, ṣé ẹ rí i?" ó ní. "A ti yípadà pátápátá."

"Ohun tí mo rí ni ọkùnrin kan tó ṣì wà nínú yìnyín."

"Á dìde, Mà. Àgbàlagbà ni. Á dìde fúnra rẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó se oúnjẹ de àlejò tí àlejò ò sì dé. Ìgbà tó yá ló wá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Ìbànújẹ́ ojú rẹ̀ ju ti ẹni tó kàn ṣubú lọ, Abọ́sẹ̀dé sì kíyè sí i.

"Ìwọ̀n," ó ní, "ka ti òkè yìí fún mi."

"Òkè Ìdẹ̀ra," ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. "Jàǹbá ibẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo òkè yòókù lápapọ̀ lọ. Òfin kẹta sọ pé bí ẹnìkan bá ṣubú, tí ẹlòmíràn sáré sí i, jàǹbá ni. Bí jàǹbá bá kún dé ìlà pupa, Àjọ Apín-yìnyín á gba yìnyín lọ́wọ́ òkè náà."

"Mélòó ló kù kó kún?"

"Ẹyọ kan."

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí alábòójútó. "Ọ̀gbẹ́ni Jókòótọlá, ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Mà, a gbìyànjú o. Ọlọ́run rí wa. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ..."

"Wọ́n sì sáré sí i."

Jókòótọlá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń mì lófuurufú. "Kódà èmi gan-an sáré, Mà. Bàtà mi ẹsẹ̀ kan já sọ́nà, mi ò mọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Abọ́sẹ̀dé, ó yára gbé e mì. Fìlà pupa ló wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá dé fìlà pupa ni Àjọ rán wá wọn ohun tí òkè kan ń fún àlejò, kì í ṣe ẹni tó wá rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rín yẹ ìtàn òkè yìí. Kí wọ́n tó bí ìyá Abọ́sẹ̀dé ni yìnyín ti yọ́ tán lórí àwọn òkè Álípì nílẹ̀ òyìnbó, tí àwọn tó ni wọ́n kó ẹrù, tí wọ́n sì fi àpáta sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Àwọn tó dá yìnyín padà ni àwọn atúnfìríìjì-ṣe láti Ìlá àti Ìkìrun, àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn bá ooru àti iná tí kì í dúró jà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òkè kan ń wá ẹni tó máa mú un tutù, wọ́n ní ṣebí fìríìjì tí kò nílẹ̀kùn lásán ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ṣì ń wúkọ́ yìnyín jáde ní ìdájí, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló sì ń ṣe àkóso ibẹ̀ báyìí. Òkè mẹ́rin péré ló ṣì ní yìnyín láyé. Omi tó ń di yìnyín ò sì tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in, tí adájọ́ fi ń wá.

Àga gbé wọn dé orí òkè. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀, Jókòótọlá ṣèèṣì sún mọ́ Abọ́sẹ̀dé díẹ̀, iná kékeré tó wà léjìká ẹ̀wù adájọ́ sì tàn pupa wàì. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Mà! Apá mẹ́ta, apá mẹ́ta!"

"Kò burú." Kò tiẹ̀ sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nílùú ńlá tí Abọ́sẹ̀dé ti wá, gbogbo ẹ̀wù ló ní iná yẹn. Àjèjì kì í sún mọ́ àjèjì ju ìwọ̀n apá mẹ́ta lọ, torí ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹlòmíràn lè bá ara rẹ̀ nílé ẹjọ́ kílẹ̀ tó ṣú.

Gbogbo òwúrọ̀ ni adájọ́ fi ń yẹ ibẹ̀ wò. Ó tẹ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan ògiri bóyá ó gbóná, ó bu ògì gbígbóná mu, ó jẹ àkàrà tí wọ́n dín lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò sí àkàrà bíi rẹ̀ nílùú òun. Ìwọ̀n ń ka gbogbo rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀dì, ó dára. Ooru yàrá, ó dára. Oúnjẹ, ó dára gan-an. Ibi ìyọ̀, ó dára. Ayọ̀ àlejò, ó kéré."

"Ó kéré?"

"Ẹ̀rín tí mo gbọ́ láti àárọ̀ kò tó nǹkan. Lọ́dún tó kọjá, ayọ̀ ibí yìí ló ga jù láyé."

Abọ́sẹ̀dé dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ibi tí jàǹbá pọ̀ sí jù ni ayọ̀ ti ga jù? Ó ti dá òkè lẹ́jọ́ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó wò yí ká ilé oúnjẹ. Àwọn àlejò jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń jẹun bí ẹni tó wá kí olóòkú.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni bàbá òyìnbó arúgbó kan ti fi ṣíbí gbá tábìlì. Bàbá Kọnrádì ni. Orí òkè yìí ni bàbá ńlá rẹ̀ ti ń da màlúù nígbà tí yìnyín ń fúnra rẹ̀ já bọ́, àárín àwọn ọmọ atúnfìríìjì-ṣe lòun sì dàgbà sí, kó tó kó lọ sílùú ńlá. Ọdọọdún ló ń padà wá.

"Ìyá Arólé!" ó pariwo. "Kí ni mo fi ṣe yín lónìí?"

Obìnrin tó dáhùn sanra, ó sì pupa létí nítorí òtútù. Òun ló ń kọ́ àwọn tí kò gun síkì rí. Ó gbé abọ́ ògì wá síwájú bàbá náà kíákíá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ẹ̀kọ yín."

"Ẹ̀kọ kọ́ ni mò ń wí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣubú láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, mo tiẹ̀ ké 'yéè' fúnra mi torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi ké e. Ẹ rí mi, ẹ wá ń wo òkè. Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ̀kọ yín ń tutù, Bàbá," ni Ìyá Arólé wí. Ó fi ojú tọ́ka sí fìlà pupa níkọ̀kọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ tóbi, gbogbo ilé oúnjẹ ló rí i.

Bàbá Kọnrádì wo Abọ́sẹ̀dé. Ó gbé ṣíbí rẹ̀, ó sì tẹrí ba sórí ẹ̀kọ.

Lọ́sàn-án, ó ku ohun kan ṣoṣo. Adájọ́ gbọ́dọ̀ gun síkì fúnra rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé kì í fẹ́ràn apá yìí níbi iṣẹ́ rẹ̀, torí náà ibi ìyọ̀ àwọn ọmọdé ló máa ń yàn, òfin ò sì kọ̀ ọ́. Ìyá Arólé dúró ní ìwọ̀n apá mẹ́ta sí i, ó ń pàṣẹ.

"Ẹ tẹ orúnkún, Mà. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín, ẹsẹ̀ yín ò ní sá lọ. Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò."

"Bó bá ń sáré jù ńkọ́?"

"Ẹ ṣe ẹsẹ̀ yín bíi ti pépéyẹ. Kí orí síkì méjèèjì kọjú síra wọn. Àbí ẹ ò rí pépéyẹ rí?"

"Mo rí i nínú àwòrán."

"Yéè," ni Ìyá Arólé wí, àánú sì ṣe é lóòótọ́.

Abọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí Ìwọ̀n. "Bí mo bá ṣubú ńkọ́?"

"Màá bi yín bóyá ẹ wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ àtẹ̀gùn."

Ọjọ́ àtẹ̀gùn. Kò nílò kí wọ́n rán an létí. Ó yọ̀ nínú ilé alájà gogoro tó ń gbé nílùú, ó sì jókòó síbẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Àwọn ará ilé ń kọjá, wọ́n ń fara gbá ògiri lọ kí iná èjìká wọn má baà tàn. Kò sí ìkà kankan nínú wọn. Òfin ni wọ́n ń pa mọ́, òun náà ì bá sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n nìkan ló bá a sọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ ti kú? Bí ẹ bá ti kú, ẹ tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ kò bá tíì kú, ẹ tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì." Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fìdí wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó bi í.

"Ó yá, Mà!" ni Ìyá Arólé ké.

Abọ́sẹ̀dé ti ara rẹ̀ síwájú. Síkì gbéra. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan dùn. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí i lójú, yìnyín ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bíi ti ọmọ ọdún méje. Ó wá ń yára. Ó rántí pépéyẹ. Pépéyẹ tó rí nínú àwòrán náà ò gun síkì. Orí pátákó méjèèjì kọjú síra wọn lóòótọ́, wọ́n sì gun ara wọn, Adájọ́ Àjọ Apín-yìnyín bá fò sókè pẹ̀lú apá méjèèjì, ọ̀pá kan lọ sí òkè, èkejì lọ sí ìsàlẹ̀, òun sì fàyà balẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó wá jókòó sínú yìnyín pẹ̀lú fìlà pupa tó ti bò ó lójú.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Abọ́sẹ̀dé tún fìlà ṣe, ó wo ẹ̀yìn.

Gbogbo òkè ti dúró. Ẹni tó ń yọ̀ ti dúró, àwọn ẹlẹ́wù ìyeyè dúró káàkiri bí òpó, kódà àga olókùn ti dúró, torí ẹni tó ń darí rẹ̀ ti gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sórí bíréèkì. Nísàlẹ̀, Jókòótọlá ti pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ẹ má sáré o! Ẹ fi Ọlọ́run ṣe, ẹ má sáré! Ẹ rántí pé ẹyọ kan ló kù!"

Ìyá Arólé dúró lókè díẹ̀. Ó ti ká ọwọ́ lérí, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ lójú kan náà bí ẹni tí ìjàlọ bò lẹ́sẹ̀. Ó wo Jókòótọlá, ó wo Abọ́sẹ̀dé, ó wo Jókòótọlá. Abọ́sẹ̀dé fẹ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan, pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ó ti mọ ọ́n lára láti máa dá dìde. Ó gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ dùn ún, ẹnu rẹ̀ sì sọ "yéè" kékeré kan láìgba àṣẹ.

"Ìyá mi ò bí mi báyìí!" ni Ìyá Arólé ké. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ ọlọ́mọ ti ṣubú!"

Ó sáré. Bó ṣe sáré báyìí ni gbogbo òkè tú. Ẹlẹ́wù ìyeyè ju ṣọ́bìrì, wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀tún, wọ́n ń bọ̀ láti òsì, "Yéè! Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà! Ó mà ṣe o!" Ẹni tó sì sáré jù nínú gbogbo wọn, tó fi ẹ̀yìn rìn lákọ̀ọ́kọ́, tó ń pariwo pé kí wọ́n má sáré, tó wá yí padà lójijì tó sì yọ síwájú gbogbo wọn, ni Ọ̀gbẹ́ni Jókòótọlá. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan já sọ́nà.

Wọ́n bo Abọ́sẹ̀dé. Iná èjìká rẹ̀ tàn pupa, ó ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹnìkan ń gbọn yìnyín kúrò lára rẹ̀, ẹnìkan ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i lọ́wọ́, ẹnìkan ń fa orúnkún rẹ̀, ó ń bi í, "Ṣé ibí ni? Àbí ibí?" Ìyá Arólé gba ọ̀pá kan, ó kọjú sí ibi tí adájọ́ ti ṣubú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ilẹ̀.

"Ìwọ yìnyín burúkú yìí! Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Kí ló fi ṣe ẹ́? Gbà! Tún gbà! Ẹ má sunkún mọ́, Mà, mo ti bá yín nà án!"

Àṣé Abọ́sẹ̀dé ń sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá rẹ̀ ṣe máa ń bá a na ilẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ sì ti kú, kò sẹ́ni tó tún bá a na nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn débi tó ń dùn ún láyà.

"Ayọ̀ adájọ́," ni Ìwọ̀n wí, "ó ti kọjá ibi tí mo lè kà dé." Ó tún ní, "Jàǹbá. Ìlà pupa ti kún. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín lé mi, kí yìnyín òkè yìí lè dáwọ́ dúró."

Ariwo rọlẹ̀. Ọwọ́ tó ń gbọn yìnyín dúró lára ẹ̀wù. Jókòótọlá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó wà lásán.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Mà," ó ní. "Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Ẹ wá, ẹ rí wa, bẹ́ẹ̀ náà la rí."

"Màá tún sáré lọ́la," ni Ìyá Arólé wí. "Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé."

Abọ́sẹ̀dé wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ti búra fún Àjọ pé òun ò ní yí ohun tí Ìwọ̀n bá rí padà, Ìwọ̀n ò sì parọ́. Wọ́n sáré. Bó bá tẹ àtàǹpàkò, òkè yìí á di àpáta padà. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, òun ti da ìbúra. Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ó fi í sílẹ̀ lófuurufú, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ẹ dúró o!" Bàbá Kọnrádì ló ń ya àárín èrò kọjá, yìnyín ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. "Adájọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tẹnu ẹ̀rọ nìkan lẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ tèmi."

"Mò ń gbọ́, Bàbá."

"Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń gun síkì. Mo lè fojú dídì sọ̀kalẹ̀ lórí òkè yìí. Gbogbo ìṣubú mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Níbi tí mò ń gbé, ó lè pé oṣù kan kí èèyàn tó pè mí lórúkọ. Mo máa ń dúró de ìgbà yìnyín, kí n lè wá ṣubú, kí Ìyá Arólé lè bá mi na ilẹ̀."

Ìyá Arólé ya ẹnu. "Bàbá! Gbogbo epo tí mo fi ra ẹ̀yìn yín!"

"Ó ṣiṣẹ́," ni Bàbá Kọnrádì wí. "Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yìn náà, àmọ́ ó ṣiṣẹ́."

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ àárọ̀ na ọwọ́ sókè. "Èmi náà," ó ní, ojú ń tì í. Obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Èmi ò mọ̀ọ́mọ̀ o, mi ò mọ̀ ọ́n gùn ni. Àmọ́ ẹ má fi tipátipá kọ́ mi o, mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rín bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ọwọ́ sì ń nà sókè níbí, ó ń nà lọ́hùn-ún.

"Ìṣubú àmọ̀ọ́mọ̀ṣe," ni Ìwọ̀n wí, "ẹ̀tàn ni. Òun náà ní ìjìyà tirẹ̀."

"Dákẹ́ ná," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Kí ni wọ́n rán èmi àti ìwọ wá wọ̀n níbí?"

"Ohun tí òkè yìí ń fún àlejò."

"Kà wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀dì, ooru, oúnjẹ, ibi ìyọ̀, olùkọ́."

"Àlejò tó wá nítorí oúnjẹ, tí wọ́n fún un lóúnjẹ, ṣé jàǹbá ni?"

"Rárá. Ohun tó wá gbà ló gbà."

"Èyí tó wá kí wọ́n lè sáré sí i bó bá ṣubú, tó ṣubú, tí wọ́n sì sáré sí i ńkọ́?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti de Ìwọ̀n mọ́ ọn lọ́wọ́, kò tíì pẹ́ kó tó dáhùn rí. Ó pẹ́ wàyí. Àwọn èèyàn na ọrùn.

"Kò sí irú ohun bẹ́ẹ̀ lára ohun tí òkè ń fúnni."

"Kọ ọ́ mọ́ wọn."

"Adájọ́ lè kọ ohun tuntun, òfin gbà á. Kò sí adájọ́ tó ṣe é rí. Bí ẹ bá kọ ọ́, yìnyín ò ní kúrò lórí òkè yìí. Bí Àjọ kò bá fara mọ́ ọn lẹ́yìn náà, fìlà yín ni wọ́n á gbà."

Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Ó fẹ́ràn fìlà yìí. Kò lọ́kọ, kò lọ́mọ, òun ni gbogbo ayé fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù àtipàdánù rẹ̀ sì bà á gidigidi. Ó tún wo ọwọ́ àjèjì tó ṣì wà lórí orúnkún rẹ̀, tó ń fà á jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹni tó ni ọwọ́ náà ti gbàgbé pé adájọ́ ni òun ń bá fa ẹsẹ̀.

"Kọ ọ́," ó ní.

"Kí ni kí n pè é?"

"Kí lẹ ń pè é?" ni Abọ́sẹ̀dé bi Ìyá Arólé.

"Kí là bá máa pè é, Mà? Èèyàn ṣubú, a gbé e."

"Kọ ọ́ báyìí," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "A kì í dá ṣubú níbí."

"Mo ti kọ ọ́. Ó ku ohun kan. Ohunkóhun tí òkè bá ń fún àlejò, adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbà á wò. Ìṣubú yín ti ìṣáájú, ẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Ó gba Abọ́sẹ̀dé ní àkókò díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Nígbà tó yé e, ó wo òkè kékeré náà, ó wo àwọn èèyàn. Gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀run, àmọ́ ẹnu wọn ò lè pa ẹ̀rín mọ́.

"Ẹ gbé mi dìde," ó ní.

Ọwọ́ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Wọ́n bá a wá ọ̀pá rẹ̀, wọ́n bá a de síkì, wọ́n sì tì í padà sókè. Níbẹ̀, ó bọ́ iná pupa kúrò léjìká rẹ̀, ó tì í bọ àpò. Ó tún fìlà ṣe dáadáa, torí ó lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn nìyẹn, ó sì fẹ́ kó rẹwà lórí òun.

"Ẹ ṣe ẹsẹ̀ bíi ti pépéyẹ o!" ni Ìyá Arólé ké láti ìsàlẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni.

"Mi ò ṣe!" ni Adájọ́ dá a lóhùn.

Ó ti ara rẹ̀. Síkì gbéra. Kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tó dé àárín méjì, ó ju ọ̀pá méjèèjì nù, ó la apá, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún òkè náà. Yìnyín tú sókè gbùú.

Gbogbo wọn ti ń sáré bọ̀. Àmọ́ kí Ìyá Arólé tó lanu, kí Jókòótọlá tó sọ bàtà kejì nù, ohùn kan ti kọ́kọ́ jáde láti ọrùn ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé, ó rọra ń wá ọ̀nà bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Adájọ́," ni Ìwọ̀n wí.